Bàálù ń sọ̀ kalẹ̀, ta ló ń sọ̀rọ̀? Ohun tí Dana 992 kọ́ wa nípa àṣìṣe nínú yàrá páílọ́ọ̀tì

Ọ̀sán Sunday, ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 2012 ni bàálù Dana Air tó ń bọ̀ láti Abuja já lu ilé ní Ìjú-Ìṣàgà, nílùú Èkó. Èèyàn 153 ló wà nínú ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yè é. Ó tún pa lára àwọn ará àdúgbò tó jókòó jẹ́ẹ́ sínú ilé wọn. Ibi tó já sí yẹn sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá péré ni.

Tí wọ́n bá dárúkọ Dana, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa ni ẹ́ńjìnì tó kú. Òótọ́ sì ni, ẹ́ńjìnì méjèèjì ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí AIB, ìyẹn àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú nílẹ̀ wa nígbà náà, gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lọ́dún 2017, wọn ò dúró sórí ẹ́ńjìnì nìkan. Wọ́n sọ ohun tí àwọn tó wà níwájú bàálù náà ṣe, èyí tí wọn ò ṣe, àti ìpinnu tí wọn ò tètè ṣe.

Ọ̀rọ̀ yẹn kan gbogbo ẹni tó ń wọ bàálù. Ó tún kan àwa tá à ń gbé Mùṣín, Ìsọlọ̀, Agége, tí bàálù ń gba orí òrùlé wa kọjá. Ìdí nìyẹn tá a fi kọ àlàyé yìí: kí ni iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nígbà tí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀, ibo ló ti máa ń yíwọ́, kí ni wọ́n sì ti ṣe sí i?

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níwájú kí bàálù tó balẹ̀?

Bàálù kì í já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí àgbọn. Ìṣirò tí àwọn páílọ́ọ̀tì máa ń lò ni pé tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000, wọ́n nílò nǹkan bíi máìlì ojú òfurufú 3. Tí bàálù bá wà lókè ní ẹsẹ̀ bàtà 26,000, ó máa nílò máìlì 78, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 144. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Abuja tààrà, a jẹ́ pé nígbà tẹ́ ẹ wà ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀, tẹ́ ẹ ṣì ń mu mineral yín, wọ́n ti ń múra Èkó níwájú.

Èèyàn méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ọ̀gá páílọ́ọ̀tì àti igbákejì ẹ̀. Ẹ má rò pé igbákejì yìí dà bíi kọ̀ndọ́ inú danfo o. Kọ̀ndọ́ tó ń pe Ojúẹlẹ́gbà sí Òṣódì, owó àti èrò ló ń wò. Igbákejì páílọ́ọ̀tì ní láísẹ́ńsì tiẹ̀, ó lè wa bàálù náà, wọ́n sì máa ń pín in ṣe: ọ̀kan á wà á lọ, èkejì á wà á bọ̀.

Ẹni tí kò sí lórí wíwà ní ìrìn àjò kan, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti máa ṣọ́. Òun ló ń bá àwọn tó wà ní táwà sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Òun ló ń ka ìwé tí wọ́n ń pè ní checklist sókè, kí wọ́n lè yẹ nǹkan wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń pe ibi tí wọ́n ga dé àti bí wọ́n ṣe ń sáré tó. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé òun ló ń ṣọ́ ẹni tó ń wa bàálù gan-an. Tó bá rí àṣìṣe, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ìgbà tí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni iṣẹ́ yìí máa ń pọ̀ jù. Wọ́n ń dín eré kù, wọ́n ń tú apá bàálù sílẹ̀, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ jáde, táwà ń pè wọ́n, òjò lè máa bọ̀. Ilẹ̀ sì ń sún mọ́ wọn ní gbogbo ìṣẹ́jú. Àṣìṣe tí wọ́n lè tún ṣe lókè lọ́hùn-ún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lè má kù fún un nísàlẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí òfin fi wà pé tí bàálù bá ti wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10,000, kò sí gíìsì mọ́ níwájú. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ. Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ dòfin lọ́dún 1981. Ara ohun tó fà á ni bàálù Eastern 212 tó já nítòsí Charlotte ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1974, tí èèyàn tó lé ní 70 kú. Nígbà tí bàálù yẹn ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kùrukùru, àwọn páílọ́ọ̀tì ń sọ̀rọ̀ òṣèlú àti ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àlòkù.

Dana 992: láti aago 2:58 sí aago 3:42

Bàálù MD-83 ni Dana 992. Ẹ́ńjìnì méjì ló ní, méjèèjì wà lẹ́yìn. Ó gbéra ní Abuja ní nǹkan bí aago 2:58 ọ̀sán, ó sì gòkè dé ẹsẹ̀ bàtà 26,000.

Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 ni wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹ́ńjìnì apá òsì kò dáhùn mọ́. Wọ́n ti ọwọ́ ẹ̀ síwájú, agbára ẹ̀ ò lọ sókè bó ṣe yẹ. A mọ èyí nítorí pé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá páílọ́ọ̀tì yè nínú iná náà, ó sì gba nǹkan bí ìdajì wákàtí tó gbẹ̀yìn sílẹ̀. Ẹ̀rọ kejì, tó yẹ kó sọ bí bàálù ṣe rìn, iná ti bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan kúrò nílẹ̀ ná. Kí ẹ́ńjìnì kan kú lójú òfurufú kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Wọ́n ṣe bàálù ẹlẹ́ńjìnì méjì lọ́nà tó fi lè fi ọ̀kan fò, kó sì fi ọ̀kan balẹ̀. Gbogbo páílọ́ọ̀tì ló ń kọ́ ọ, tí wọ́n sì ń dán an wò léraléra nínú ẹ̀rọ ìdánrawò. Àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹ mú checklist, ẹ kà á tán, ẹ sọ fún táwà, ẹ wá pápákọ̀ tó sún mọ́ yín jù tó lè gbà yín, kẹ́ ẹ sì balẹ̀ síbẹ̀.

Nínú Dana 992, àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lórí ẹ́ńjìnì náà láàárín ara wọn. Wọn ò lo checklist. Abuja ò tíì jìnnà lẹ́yìn, Ìlọrin wà lápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ń bá lọ. Táwà Èkó ò sì gbọ́ pé pàjáwìrì wà nílẹ̀. Lójú àwọn tó ń darí wọn láti ilẹ̀, bàálù tí kò níṣòro ló ń bọ̀.

Ìgbà tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, tí wọ́n nílò agbára kí bàálù má bàa rì sílẹ̀, ni ẹ́ńjìnì kejì náà kọ̀. Nǹkan bí aago 3:42 ni igbákejì páílọ́ọ̀tì ké Mayday sórí rédíò pé ẹ́ńjìnì méjèèjì ti lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n já.

Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Láti aago 3:15 tí wọ́n ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ẹ́ńjìnì kìíní, dé aago 3:42 tí ẹni tó wà nílẹ̀ tó gbọ́, ìṣẹ́jú bíi 27 ló wà láàárín. Ní ìṣẹ́jú 27 yẹn, wọ́n ṣì ga, ẹ́ńjìnì kan ṣì ń ṣiṣẹ́. Gíga dà bí owó lápò fún páílọ́ọ̀tì: bí bàálù bá ṣe ga tó ni ibi tó lè sá dé ṣe máa jìnnà tó. Nígbà tí wọ́n fi máa kígbe, wọ́n ti ná owó náà tán.

Kí ni AIB sọ pé ó fà á?

Ohun mẹ́ta ni wọ́n tò sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ẹ́ńjìnì: ọ̀kan kọ̀ ní ìṣẹ́jú 17 lẹ́yìn tí wọ́n gbéra, èkejì kọ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ balẹ̀, tí wọ́n sì ń béèrè agbára lọ́wọ́ ẹ̀.

Èkejì ni pé wọn ò lo checklist, wọn ò mọ bí ìṣòro náà ṣe wúwo tó, wọn ò sì balẹ̀ sí pápákọ̀ tó sún mọ́ wọn jù.

Ẹ̀kẹta ni pé wọn ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ìpinnu tí wọ́n ṣe ò tọ̀nà, ọwọ́ tí wọ́n sì fi mú iṣẹ́ wíwa bàálù ò dáa tó.

Ẹ wò ó dáadáa. Méjì nínú mẹ́ta ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin. Ọ̀rọ̀ èèyàn méjì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni.

Dana kọ́ ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀

Ní ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, bàálù VC10 ti Nigeria Airways tó gbéra ní London, tó gba Róòmù àti Kánò, já nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí Èkó. Gbogbo èèyàn 87 tó wà nínú ẹ̀ ló kú. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ́ńjìnì. Bàálù náà kàn sọ̀ kọjá ibi tó yẹ kó sọ̀ dé ni, ó sì lọ fara gbá igi, láìjẹ́ pé àwọn tó ń wà á mọ bí ilẹ̀ ṣe sún mọ́ wọn tó.

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kọkànlá, ọdún 1996, ADC 86 ń bọ̀ láti Port Harcourt. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí Èkó, òun àti bàálù mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ara wọn lójú òfurufú. Páílọ́ọ̀tì yí bàálù náà gan-an láti yẹ̀ ẹ́, àyíjù sì bá a. Ó já ní Ejirin, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, kò sì sẹ́ni tó yè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ tibí yìí kan ilẹ̀ náà, nítorí iṣẹ́ àwọn tó ń darí bàálù ni kí méjì má pàdé.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 2005, Sosoliso 1145 gbéra ní Abuja, ó ń lọ sí Port Harcourt. Èèyàn 110 ló wà nínú ẹ̀, 108 kú. Ọgọ́ta lára wọn jẹ́ ọmọ ilé ìwé Loyola Jesuit College tó ń lọ sílé fún Kérésìmesì. Ojú ọjọ́ ò dáa. AIB ní ohun tó fà á ni pé àwọn páílọ́ọ̀tì ń bá a lọ kọjá gíga tí òfin ní tẹ́ni tó ń balẹ̀ ò bá tíì rí ojú ọ̀nà níbẹ̀, kó gbé bàálù padà sókè. Kechi Okwuchi, ọ̀kan nínú ẹni méjì tó yè, lẹ gbọ́ tó ń kọrin ní America's Got Talent lọ́dún 2017.

Níbi gíga yẹn, gbólóhùn kan ló yẹ kó jáde lẹ́nu ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì: "Go around." Ìyẹn ni pé ká má balẹ̀ mọ́, ká gbé e sókè padà.

Ta ló tó ọ̀gá í sọ fún?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa Yorùbá gan-an. Wọ́n kọ́ wa nílé pé a kì í já àgbà nírọ́. Tí ọ̀gá bá ń ṣì í, ọmọdé á ní, "Ẹ má bínú o, sà, bóyá èmi ni mi ò gbọ́ dáadáa…" Ní ọ́fíìsì ní Yábàá, ìyẹn lè gbà. Ní ẹsẹ̀ bàtà 1,500 lórí Agége, kò sí àsìkò fún un.

Ní Dana 992, ọ̀gá páílọ́ọ̀tì ti fò tó wákàtí 18,000 ó lé. Igbákejì ẹ̀ ní nǹkan bíi 1,100. Ẹni tó bá jókòó ti irú àgbà iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ pé, "Ọ̀gá, kí ló dé tá ò tíì ké sí táwà?"

Kì í ṣe àṣà tiwa nìkan o. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kejìlá, ọdún 1978, bàálù United 173 ń yí po lójú òfurufú ní Portland, ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ẹsẹ̀ ẹ̀ fún wọn níṣòro. Ọkàn ọ̀gá wà lórí ẹsẹ̀ bàálù. Àwọn yòókù rí i pé epo ń lọ, wọ́n sì ń tọ́ka sí i, àmọ́ ohùn wọn ò le tó. Epo tán. Èèyàn 10 kú.

Ti Avianca 52 yàtọ̀ díẹ̀. Ọjọ́ 25, oṣù Kìíní, ọdún 1990 ni, nílùú New York. Wọ́n ti dá bàálù náà dúró lójú òfurufú fún ohun tó ju wákàtí kan lọ. Wọ́n sọ fún àwọn tó ń darí wọn pé epo àwọn ń tán lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gan-an, pé pàjáwìrì ni, kò jáde. Nílẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ bí ẹ̀bẹ̀ lásán. Epo tán, bàálù já, èèyàn 73 kú.

Lẹ́yìn Portland ni NASA pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1979. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní CRM ti jáde. Lẹ́nu kan, ohun tó ń kọ́ni ni pé ọ̀gá ló láṣẹ, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wa ló ni bàálù. Bẹ́ẹ̀ àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lónìí, òfin Nàìjíríà náà fi dandan lé e pé kí àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù gba ẹ̀kọ́ yìí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ báyìí?

Wọ́n kọ́ igbákejì ní àtẹ̀gùn mẹ́rin. Èdè Òyìnbó ni wọ́n ń sọ níwájú, ṣùgbọ́n tá a bá fi Yorùbá sọ ọ́, báyìí ló máa rí:

1. Kó béèrè: "Ọ̀gá, ṣé ẹ rí ibi tá a ga dé?"
2. Kó kìlọ̀: "Ọ̀gá, a ti lọ sílẹ̀ jù."
3. Kó ta kò ó: "Ọ̀gá, ẹ gbé e sókè báyìí. Èyí ò dáa."
4. Kó gbà á: "Mo ti gba bàálù."

Ẹ rí i pé "ọ̀gá" ò kúrò níbẹ̀. Ọ̀wọ̀ wà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò ní ìbòjú. Tó bá dé orí ìkẹrin, iṣẹ́ ẹ̀ ló ṣe, kì í ṣe àfojúdi.

Tí táwà bá sọ gíga kan, páílọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ tún un sọ padà kí wọ́n lè mọ̀ pé ó gbọ́ ọ dáadáa. Tí bàálù bá dé ẹsẹ̀ bàtà 1,000 tí eré àti ìdúró ẹ̀ ò tíì tò, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní òfin pé kí wọ́n gbé e sókè padà.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà fún wàhálà: "Pan-pan" tí nǹkan ò bá lọ dáadáa ṣùgbọ́n tí ẹ̀mí ò tíì wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀, "Mayday" tó bá ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń pe é, kó má bàa rú ẹnikẹ́ni lójú. Kò sówó tí wọ́n ń san fún un. Tí wọ́n bá pè é, táwà á lé àwọn bàálù yòókù kúrò lọ́nà, wọ́n á fún un ní ọ̀nà tó yá jù, àwọn panápaná á sì ti dúró.

Ṣé CRM máa ń ṣiṣẹ́? Ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 1989, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń darí bàálù United 232 bàjẹ́ lójú òfurufú. Ọ̀gá páílọ́ọ̀tì, Al Haynes, jẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà níwájú dá sí i, títí kan páílọ́ọ̀tì mìíràn tó jẹ́ èrò nínú bàálù náà. Wọ́n gbé e dé Sioux City. Èèyàn 112 kú, ṣùgbọ́n 184 yè nínú ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò pé ó lè yè.

Ẹ̀yin èrò ńkọ́?

Tí bàálù yín bá fẹ́ balẹ̀ ní Èkó, tó wá ṣàdéédé ké ramúramù, tó gòkè padà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í bú páílọ́ọ̀tì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ "go around", tí èkejì sì gbọ́. Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ wọn.

Tí wọ́n bá balẹ̀ sí Ìlọrin tàbí kí wọ́n padà sí Abuja nítorí nǹkan kékeré, ó máa bí yín nínú. Ìpàdé á bọ́, ẹni tó ń dúró dè yín ní Ìkẹjà á máa pè. Ẹ rántí pé tí èrò bá ń pariwo pé àfi káwọn dé Èkó lónìí, tí iléeṣẹ́ náà sì ń ro owó epo, ẹrù yẹn ń lọ sórí èèyàn méjì tó wà níwájú.

Lónìí, NSIB ni orúkọ tí AIB ń jẹ́, látìgbà tí òfin tuntun ti jáde lọ́dún 2022. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àbọ̀ ìwádìí wọn máa ń wà, ẹnikẹ́ni ló sì lè kà á. Ibi tí Dana 992 já sí ní Ìjú-Ìṣàgà ti di ibi ìrántí, orúkọ àwọn tó lọ wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú 27 ni wọ́n ní láti fi ké sí ẹni tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa jókòó síwájú lọ́la, tẹ́ ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní Zaria tàbí Ìlọrin, ẹ má jẹ́ kí ọ̀wọ̀ pa yín lẹ́nu mọ́.